Ọ̀rọ̀ Tí Mo Gbé Mì Nínú Mọ́tò Alága

Mo ti pa á mọ́ tó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti jókòó sí mi láyà pẹ́ débi pé nígbà tí apá àti ẹsẹ̀ òsì mi kọ̀ láti gbéra mọ́, ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé òun ló sọ̀ kalẹ̀ wá síbẹ̀. Dókítà ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n dókítà kan náà yìí dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń sọ fún àbúrò mi obìnrin pé bí irú rẹ̀ bá tún kọlù mí, kí wọ́n múra sílẹ̀. Ó ṣe bí ẹni pé etí mi náà ti rọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n gbé pákó lé mi lórí itan, kí wọ́n fún mi ní bébà àti bírò. Ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ láìparí rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí ìwé mi wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ. Ohun tí n kò fẹ́ kí ẹ bá mi tọ́ ni ohun tí mo ṣe. Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà. Èmi ni mo pa Ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ omi. N kò fọwọ́ kàn án, n kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Síbẹ̀ èmi ni.

Dírẹ́bà alága ìlú yìí ni mo jẹ́. Kìíbẹ̀ ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu mi rí, ìyàwó mi náà ò gbọ́ ọ títí ó fi kó ẹrù rẹ̀. Alága fẹ́ràn mi. Kì í ṣe nítorí ọkọ̀ wíwà o, àwọn tó mọ̀ ọ́n wà jù mí lọ pọ̀. Nítorí ẹnu mi ni. Alága ò gba ìròyìn tí àwọn akọ̀wé rẹ̀ bá ń gbé bọ̀ gbọ́, ó ní wọ́n máa ń fi ṣúgà sí i. Nítorí náà, kí n tó lọ gbé e láàárọ̀, mo ní láti kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, kí n yà ní ilé búrẹ́dì, kí n dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà. Bí mo bá ti pa ilẹ̀kùn mọ́tò dé, tí Alága sì ti jókòó dáadáa lẹ́yìn, á ní, "Kìíbẹ̀, kí ni ìta wí?" Èmi náà á sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. "Wọ́n ní ikùn yín ń yọ ju títì tí ẹ ń ṣe lọ, sà." Á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà á pe ọ̀gá àwọn tó ń ṣe títì. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó dára nílùú yìí, inú mọ́tò yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà gbà pé n kò lè purọ́ fún òun. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ojú ilẹ̀kùn yẹn ni mo gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ẹnjiníà. Ọmọ Ojú Irin ni. Ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn tí wọ́n kó bàbá bàbá wọn wá láti òkè òkun láti wá la ọ̀nà rélùwéè, tí wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ parí. Àwọ̀ wọn ò jọ tiwa, irun wọn ò jọ tiwa, ṣùgbọ́n èdè wa ni wọ́n fi ń lá àlá. Kíláàsì kan náà ni èmi àti ẹ̀ jọ wà nígbà tí a wà lọ́mọdé. Lọ́jọ́ kan mo ju òkúta, ó sì fọ́ gíláàsì fèrèsé ọ̀gá ilé-ìwé. Ọ̀gá jáde, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó kàn na ọwọ́ mú ọmọ Ojú Irin tó wà láàárín wa. Ó ní, "Ta ló tún lè ṣe é bí kò ṣe ìwọ?" Mo dúró, mò ń wo ẹsẹ̀ mi. Pàṣán ti wà lókè kí ọmọ náà tó yíjú sí mi, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń fún mi láyè. Nígbà tí n kò sọ nǹkan kan, ó ní, "Òun ni, sà." Òótọ́ ló sọ. Ọ̀gá ní kí n kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ilé-ìwé kí n ní "ẹ dárí jì mí." Mo ní n kò ní sọ ọ́. Ó ní bí n kò bá sọ ọ́, kí n má padà wá. Mo kó ìwé mi, mo lọ, n kò sì padà. Bàbá mi nà mí, ìyá mi sunkún, mo ṣorí kunkun. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin Ojú Irin yẹn sínú. Bí mo bá ń fọ mọ́tò ẹlòmíràn, òun ni mo máa ń rò. Bí mo bá gbọ́ pé ó ti wọ yunifásítì, ara mi á ta. Ẹni tó fẹ́ jẹ pàṣán nítorí ohun tí mo ṣe ni mo dì sínú. Ẹ wo irú orí tí mo gbé kọ́rùn.

Nígbà tí Alága fi í ṣe ọ̀gá ilé-iṣẹ́ omi, ọ̀pọ̀ èèyàn yọ̀, àwọn kan sì kùn. Nínú àwọn tó kùn ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tí gbogbo ìlú ń pè ní Ohùn Oyin. Òun ló ń ṣe ètò òwúrọ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí ohùn rẹ̀ kì í dún, àwọn ọmọ kékeré máa ń sín in jẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ti gbọ́? Ọmọ Ojú Irin ni yóò máa fún wa lómi mu. Àwọn tí kì í wẹ̀. Ẹ wo àwọ̀ wọn, ṣé omi ti kan ìyẹn rí? Eku ni wọ́n. Inú páìpù ló yẹ wọ́n, kì í ṣe ìdí ẹ̀." Ẹni tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò, èmi nìkan. Mo yí ohùn rédíò sókè. Adùn kan wọ inú mi tí n kò lè ṣàlàyé, bí ẹni pé ẹnìkan ti bá mi gbẹ̀san.

Ṣùgbọ́n ìta ò rẹ́rìn-ín. Mo búra fún yín. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, ó ti gbé ẹ̀rọ ìfárí sílẹ̀, ó ní, "Èyí ti kọjá àpárá. Ìyàwó ọmọ mi, ọmọ Ojú Irin ni. Ṣé eku ni àwọn ọmọ-ọmọ mi?" Ní ilé búrẹ́dì, obìnrin tó ń tà ní òun ti pa rédíò, òun ò sì ní tan án mọ́ títí ọkùnrin náà á fi tọrọ àforíjì. Àwọn tó ń lẹ táyà, tí kò sí ohun tí wọn kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́, dákẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Kìíbẹ̀, kí ni ọ̀gá rẹ máa sọ? Torí bí kò bá sọ nǹkan, àwọn ọmọ ìta máa rò pé ó bá a mu." Mo sì tún kọjá lẹ́bàá Ojú Irin. Ìyá Ẹnjiníà, tó máa ń ránṣọ níwájú ilé rẹ̀, rí mọ́tò ìjọba, ó dìde lórí ìjókòó, ó wá fọwọ́ kan gíláàsì. Mo yí gíláàsì náà sílẹ̀ díẹ̀. Ìka rẹ̀ ṣì wà nínú ìbọ̀ka onírin tí àwọn aránṣọ máa ń wọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Bá mi sọ fún Alága, a ò béèrè ọlọ́pàá, a ò béèrè pé kí wọ́n ti rédíò pa. Ohùn rẹ̀ la fẹ́ gbọ́. Lónìí. Bó bá sọ̀rọ̀ lónìí, ó tán síbẹ̀. Bó bá di ọ̀la, wọn á ti máa wá bá wa." Mo ní, "Mo gbọ́, mà." Ó dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Alága ò jẹ́ kí n ṣílẹ̀kùn fún un lọ́jọ́ yẹn, fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Ó ti kọ nǹkan sí bébà, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lápò. Ó ní, "Ṣé o gbọ́ ọkùnrin yẹn?" Mo ní mo gbọ́. Ó ní, "Ilé rédíò ni kó o kọ́kọ́ gbé mi lọ. N ó jókòó síwájú rẹ̀ lórí ètò kan náà. N ó tún ohun tó sọ sọ bó ṣe sọ ọ́, kó gbọ́ bó ṣe rí lẹ́nu ẹlòmíràn. N ó ní irọ́ ni, n ó ní ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni, n ó ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ nílùú tí mò ń darí. N ó sì ní èmi ni mo yan Ẹnjiníà, bí wọ́n bá ní kí n tún yàn lọ́la, òun náà ni. Lẹ́yìn ìyẹn a ó lọ sí Ojú Irin." Mo ń wa ọkọ̀ lọ. A dé ibi tí títì ti kọjá lórí irin, wọ́n sì ti já igi dínà sílẹ̀, ọkọ̀ rélùwéè akẹ́rù gígùn kan ń bọ̀. A dúró. Mọ́tò wà níwájú wa, mọ́tò wà lẹ́yìn wa, gíláàsì wà lókè, irin sì ń dún gbàù gbàù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bí wọ́n bá gbé igi náà sókè, ọwọ́ òsì ni ilé rédíò, ọwọ́ ọ̀tún ni ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ni Alága ti béèrè ohun tó máa ń béèrè. Ó ní, "Kí ni ìta wí?"

Mo wò ó nínú dígí. Ojú rẹ̀ ò balẹ̀. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á díẹ̀, pé ìdìbò kò jìnnà, pé àwọn tó fẹ́ràn Ohùn Oyin pọ̀. Ẹni tó bá fi ọdún púpọ̀ wo ọ̀gá rẹ̀ nínú dígí mọ ibi tí ọ̀gá náà ti rọ̀. Mo ní, "Ìta ń rẹ́rìn-ín ni, sà. Wọ́n ní àpárá ni. Wọ́n ní bí ẹ bá dá sí i, ẹ̀yin lẹ ó sọ ọ́ di ńlá." Ó ní, "Àwọn ará Ojú Irin ńkọ́?" Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu yìí sọ. Mo ní, "Àwọn gan-an ló ní kí n bẹ̀ yín, sà. Wọ́n ní kí ẹ jẹ́ kó kọjá." Ọkọ̀ ẹrù kọjá tán. Wọ́n gbé igi sókè. Àwọn tó wà lẹ́yìn fun fèrè. Alága mí kanlẹ̀, mo sì mọ irú èémí yẹn, èémí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí ẹ̀ ni. Ó ní, "Yà sọ́tùn-ún."

Dípò kó sọ̀rọ̀, ọ́fíìsì rẹ̀ kọ gbólóhùn méjì jáde, pé ìjọba ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ tó lè da ìlú rú, láti ẹnu ẹnikẹ́ni, àti pé wọ́n ń ṣàyẹ̀wò rẹ̀. Kò sí orúkọ Ohùn Oyin níbẹ̀, kò sí ti Ẹnjiníà, kò sí Ojú Irin. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Ohùn Oyin kà á lórí rédíò, ó fi ohùn arúgbó kà á, ó ní, "Ẹ ò rí i? Alága ò pè mí ní òpùrọ́." Láti ìgbà yẹn, ó di ojoojúmọ́. Eku ní òwúrọ̀, eku ní ọ̀sán. Wọ́n ju nǹkan lu àwọn ọmọ Ojú Irin lójú ọ̀nà ilé-ìwé. Wọ́n kọ̀ láti jókòó tì wọ́n nínú bọ́ọ̀sì. Mo rí gbogbo rẹ̀. Mo sì fẹ́ dá a dúró, ẹ gbà mí gbọ́ tàbí kí ẹ má gbà, nítorí adùn náà ti kúrò lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa ṣe é? Lójoojúmọ́ ni Alága ń béèrè kí ni ìta wí. Bí mo bá ní ìta ti ń ké, á ní ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ta ló sọ fún ọ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Irọ́ àkọ́kọ́ ti tì mí mọ́lé, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ dání. Bí mo ṣe ń bọ́ sínú mọ́tò yẹn láàárọ̀, bí ẹni ń wọ sẹ́ẹ̀lì ni. Mo tún purọ́, mo tún purọ́. Ọ̀nà àbáyọ kan wà, mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, "mo purọ́." Orí kunkun mi ò jẹ́.

Ẹnjiníà wá bá mi nígbà kan níbi tí mo páàkì sí lẹ́yìn ọ́fíìsì. Ó ti rù. Ó fẹ̀yìn ti mọ́tò, ó ní, "Aládùúgbò bẹ́ńṣì, báwo ni nǹkan?" Bó ṣe ń kí mi nìyẹn tó bá rí mi, n kì í dáhùn. Ó ní, "Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè, ìwọ tó o sún mọ́ ọn. Ṣé mo ṣẹ Alága ni?" Mo ní, "N kò mọ inú ọ̀gá mi." Ó ní, "Wọ́n ń gbé ike omi síwájú ọ́fíìsì mi, wọ́n ń da á nù. Mò ń mu omi náà níṣojú wọn. Wọ́n ní kí eku máa mu ún lọ." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, mo gbé orí sínú rẹ̀, mo ń wo ẹ́ńjìnnì tí nǹkan kan ò ṣe, títí ó fi lọ.

Mo ti dé ibi tí mi ò fẹ́ dé. Ohùn Oyin sọ lórí rédíò láàárọ̀ kan pé òun gbọ́ pé ọmọ kan ń bì, pé kí àwọn òbí lọ béèrè ohun tó wà nínú omi lọ́wọ́ eku. Èrò wọ́ lọ sí ilé-iṣẹ́ omi. N kò mọ̀ nígbà náà, ibi ìpàdé ni mo gbé Alága lọ. Kì í gbà kí fóònù wọ inú ìpàdé. Ọwọ́ mi ló máa ń fi í sí, àṣẹ tó sì fún mi ni pé bí ìpè tó wúwo bá wọlé, kí n wọlé wá sọ ọ́ sí òun létí. Kódà akọ̀wé rẹ̀ ò ní irú àṣẹ yẹn. Èmi nìkan ni. Fóònù dún. Mo gbé e. Ohùn kan ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́." Mo ní, "Dírẹ́bà ni." Ẹnjiníà ni. Ó ní, "Ìwọ ni? Ọpẹ́ ni pé ìwọ ni. Gbọ́. Wọ́n ti tì mí mọ́ yàrá ẹ̀rọ nísàlẹ̀ ilẹ̀. Wọ́n fi irin há ilẹ̀kùn níta. Wọ́n ti fọ́ páìpù ńlá, omi ń wọlé, ó ti dé orúnkún mi. Ọ̀gá ọlọ́pàá dúró ní géètì, ó ní àfi kí Alága pàṣẹ. Sọ fún un kó pàṣẹ. Kó sì sọ gbólóhùn kan ṣoṣo lórí rédíò, wọ́n gbé rédíò dání níta, mò ń gbọ́ ọ láti ibi mo wà. Bí wọ́n bá gbọ́ ohùn rẹ̀, wọn á ṣí ilẹ̀kùn." Mo gbọ́ omi lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Mo ti gbọ́." Mo sì pa fóònù.

Ilẹ̀kùn ìpàdé ò ju ìgbésẹ̀ díẹ̀ lọ sí ibi mo jókòó. Mo rí i. Mo fọwọ́ kan ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò, mo sì mú un kúrò. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé bí mo bá wọlé lọ bá Alága, wọ́n á gba ọkùnrin náà sílẹ̀, á jáde, á bá Alága sọ̀rọ̀, Alága á sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìdí tí àwọn ará Ojú Irin fi ní kí òun dákẹ́. Ohun tó tún wá sí mi lọ́kàn, kí n má fi pamọ́, ni ojú rẹ̀ lọ́jọ́ tó ní "Òun ni, sà." Mo ní nínú mi, jẹ́ kó dúró díẹ̀. Jẹ́ kóun náà mọ bí ojú ṣe ń ti èèyàn. Fóònù tún dún. Mo gbé e sínú àpótí iwájú mọ́tò, mo pa á dé. Ó ń dún nínú ibẹ̀. Ó dákẹ́. Ó tún dún. Mo tan rédíò kí n má bàa gbọ́ ọ, ohùn Ohùn Oyin ni mo bá níbẹ̀. Nígbà tó yá, fóònù ò dún mọ́, mo sì sọ fún ara mi pé wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn fún un. Mo pa àwọn ìpè náà rẹ́. Alága jáde, ó jókòó, ó ní, "Ṣé ẹnikẹ́ni pè mí?" Mo ní, "Rárá, sà." Kò tíì bi mí kí ni ìta wí tí akọ̀wé rẹ̀ fi sáré jáde lẹ́yìn wa, bàtà ẹsẹ̀ kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń na ọwọ́ sí wa pé ká dúró. Nígbà tí a dé ilé-iṣẹ́ omi, wọ́n ti gbé e jáde sórí koríko. Omi ṣì ń ṣàn lára aṣọ rẹ̀.

Nígbà ìwádìí, wọ́n rí i pé ó pe fóònù Alága, pé ẹnìkan tilẹ̀ gbé e. Alága bi mí nínú mọ́tò, mo ní ariwo lásán ni mo gbọ́, n kò mọ̀ pé èèyàn ni. Ó wò mí nínú dígí. Ó gbà mí gbọ́. Nígbà tó dé iwájú àwọn tó ń ṣèwádìí, kò dárúkọ mi, ó ní, "Fóònù mi ni, ìdákẹ́ mi ni, ẹ̀bi mi ni." Ó fi ipò sílẹ̀. Alága Dákẹ́dákẹ́ ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ilé rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ́ ọmọ Dákẹ́dákẹ́ títí di òní. Ohùn Oyin padà sí ètò rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Èmi, mo rí iṣẹ́ níbòmíràn.

Ǹ bá ti gbé e wọ sàréè bí kò bá ṣe ti nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú mi. Àbúrò mi ló gbà á síṣẹ́, kò sì sọ ọmọ ẹni tó jẹ́ fún mi, kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ ọ́. Ọmọ Ojú Irin ni, ọ̀dọ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ le ṣùgbọ́n kò roni lára. Ó máa ń gbé bàsíà omi wá, á wẹ̀ mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ọmọ àwọn tí wọ́n ní wọn kì í wẹ̀. Ó máa ń bá mi ṣàpárá, á ní, "Bàbá, ẹ gbé apá, ẹ má ṣe bí olówó." Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ń fi aṣọ nù mí lẹ́yìn, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni Kìíbẹ̀ lóòótọ́? Màmá mi ní kí n bi yín. Ẹ̀yin àti bàbá mi lẹ jọ lọ sílé-ìwé." Mo bi í pé ta ni bàbá rẹ̀, nígbà tí mo ti mọ̀. Ó ní, "Ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ omi. Ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ yín fún wa. Ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tóun wọ kíláàsì, kò sẹ́ni tó gbà kóun jókòó tì í, pé gbogbo wọn ń fa bẹ́ńṣì kúrò. Ó ní ọmọ kan ṣoṣo ló sún fún òun. Olùkọ́ ní kó má sún, ó wá tún sún sí i." Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ní orí kunkun yín ló jẹ́ kóun kàwé." Mo ti gbàgbé rẹ̀, ẹ̀yin èèyàn. Mo rántí pàṣán, mo rántí gíláàsì, mo rántí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ti sọ sí mi láyé mi, n kò rántí bẹ́ńṣì. Ó yí mi sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì ń nù mí lọ.

Mo ránṣẹ́ pe Alága. Ó wá, ó fi ọ̀pá rìn, ó jókòó sórí ìjókòó tí nọ́ọ̀sì máa ń jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ìgbà tí igi dínà wà nílẹ̀ títí dé fóònù. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan. Mo retí kó fi ọ̀pá yẹn lù mí, ara mi ì bá fúyẹ́. Ó ní, "O ṣe mí níbi, n kò ní purọ́ fún ọ. Ti fóònù, n kò mọ bí mo ṣe máa gbé e. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, bébà wà lápò mi. Mo ti mọ ohun tó tọ́ kí n tó wọ mọ́tò. Ta ló ní kí n bi ìta? Títì tó bàjẹ́ ni à ń bi ìta. Bóyá èèyàn jẹ́ èèyàn, ìyẹn kì í ṣe ohun tí olórí ń bi dírẹ́bà rẹ̀. Mo bi ọ́ nítorí mo fẹ́ kẹ́nìkan sọ fún mi pé kí n má lọ." Ó dìde. Mo ní, "Sà." Ó ní, "Sọ fún ọmọ náà. Má fi mí ṣe ẹni tó máa sọ ọ́." Kò bojú wẹ̀yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ó di olórí lọ́la, n kò ní ẹ̀kọ́ ìwé tí mo lè fi kìlọ̀ fún yín, ohun tí ojú mi rí ni mo ní. Bí ẹni tí gbogbo ìlú ń gbọ́ bá bú ẹ̀yà kan, ẹ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, níbi tó ti sọ ọ́, kí àwọn tó gbọ́ tirẹ̀ gbọ́ tiyín. Ẹ dárúkọ rẹ̀, ẹ dárúkọ àwọn tó bú, ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Ẹ má ní ẹ ń ṣàyẹ̀wò. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń ṣàyẹ̀wò, omi ń wọ yàrá kan níbìkan. Ẹ̀yin tí ẹ sì sún mọ́ olórí, tí ẹnu yín ń wọ etí wọn, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ mì. Kì í dà níkùn.

Ilẹ̀ ti mọ́. Nọ́ọ̀sì náà máa tó dé, n ó sì fún un ní bébà yìí kó kà á kó tó gbé bàsíà. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí wà, nítorí n kò lè dìde lọ ṣí ilẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi ti rìnrìn àjò. Bí ọmọ náà bá kà á tán tó gbé báàgì rẹ̀, tó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi láti ìta, tó sì lọ, kí ẹnikẹ́ni má bá a wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, n kò ní dì í sínú. Ìwọ ọmọ, àti ìyá rẹ, àti ìyá bàbá rẹ bó bá ṣì wà láyé, n kò lè kúnlẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ò gbà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ níwájú gbogbo ilé-ìwé, tí mo tìtorí rẹ̀ kó ìwé mi lọ sílé, òun ni mo kọ síbí yìí: ẹ dárí jì mí. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ lórí àtẹ̀gùn.